Bí A Ṣe Ń Wọ Ẹgbẹ́ Alájẹṣẹ́kù ní Amẹ́ríkà, àti Bí A Ṣe Ń Gba Káàdì Àwìn Rẹ̀

Ọ̀pọ̀ nínú wa tó dé Amẹ́ríkà ló ti mọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù láti ilé. Bóyá ìyá wa wà nínú ti àwọn olùkọ́, tàbí bàbá wa wà nínú ti àwọn olóko kòkó, tí wọ́n ń yọ iye kan sí àpò ẹgbẹ́ lóṣooṣù tàbí nígbà ìkórè, tí wọ́n sì ń yá ìlọ́po méjì ohun tí wọ́n fi pamọ́ nígbà tí owó ilé ìwé bá dé tàbí tí ó bá ku kí wọ́n kan páànù ilé. Ohun tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní credit union kò yàtọ̀ sí èyí ní ìpìlẹ̀: àwọn ènìyàn tí nǹkan kan so pọ̀ kó owó wọn jọ, wọ́n ń yá ara wọn láti inú rẹ̀, wọ́n sì ń dìbò yan àwọn tí yóò máa darí rẹ̀. Tiwọn kàn ti gbòòrò débi pé ó ń fún ọmọ ẹgbẹ́ ní káàdì ATM, owó yíyá fún ríra ilé àti ọkọ̀, títí kan credit card, èyí tí n ó máa pè ní káàdì àwìn nínú àkọsílẹ̀ yìí, nítorí pé àwìn gan-an ni a fi í rà.

Mo fẹ́ kí ẹni tó ń kà á mú ìgbésẹ̀ méjèèjì ní títẹ̀lé ara wọn, nítorí pé èmi dorí wọn kodò. Kò tíì pé oṣù kan tí nọ́ńbà Social Security mi, èyí tí ìjọba Amẹ́ríkà fi ń dá ènìyàn mọ̀, jáde tí mo ti béèrè káàdì lọ́wọ́ báǹkì mẹ́ta, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì kọ̀wé sí mi pé àwọn kò rí àkọsílẹ̀ kankan tí àwọn lè fi mọ irú ẹni tí mo jẹ́. Ó dùn mí gan-an. Mo ti dá àjọ ní Ìbàdàn fún ọdún 11 láì jẹ́ kí olórí àjọ wá mi wálé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, mo sì ti bẹ̀rẹ̀ òmíràn pẹ̀lú àwọn ará ìjọ mi ní Maryland, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń fi ìwé àjọ ránṣẹ́ sí àwọn tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ gbèsè ní Amẹ́ríkà, bí ó ti wù kí ènìyàn ṣe olóòótọ́ tó nínú rẹ̀. Obìnrin kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ló là mí lọ́yẹ̀: kí n kọ́kọ́ di ọmọ ẹgbẹ́ ná, kí n jẹ́ kí owó mi máa gba ọwọ́ ẹgbẹ́ kọjá, kí n tó ya ẹnu béèrè àwìn.

Irú ẹgbẹ́ tí ó jẹ́

Ọwọ́ àwọn àlejò bíi tiwa ni ìtàn rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1908, ní ìlú Manchester ní ìpínlẹ̀ New Hampshire, àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ìhunṣọ tí wọ́n ń sọ èdè Faransé dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní ìjọ St. Mary, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ Alphonse Desjardins tó ti dá irú rẹ̀ sílẹ̀ ṣáájú ní Québec, ní Kánádà. Ẹgbẹ́ náà, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ St. Mary's Bank, ṣì wà títí di òní. Ní ọdún 1934, Ààrẹ Franklin Roosevelt buwọ́ lu òfin tó jẹ́ kí irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ lè gba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ ìjọba àpapọ̀. Lónìí, iye àwọn ọmọ ẹgbẹ́ káàkiri orílẹ̀-èdè náà ti ju mílíọ̀nù 140 lọ.

Báǹkì ní àwọn onípìn-ín tí èrè rẹ̀ ń lọ bá, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kò ní irú wọn. Àwọn tó fi owó pamọ́ síbẹ̀ ló ni ín, ìbò kọ̀ọ̀kan ni wọ́n sì ní, yálà 5 dọ́là ni ènìyàn fi síbẹ̀ tàbí 50,000. Èrè tó bá kù lẹ́yìn ìnáwó ń padà sọ́dọ̀ wọn, nípasẹ̀ èlé gbèsè tó fúyẹ́ tàbí èlé ìfowópamọ́ tó dára díẹ̀ sí i. Ohun tó kan ẹni tó ń wá káàdì jù lọ ni pé òfin fi òté sí èlé tí ẹgbẹ́ tó gba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ ìjọba àpapọ̀ lè gbà. Láti ọdún 1987 ni NCUA, àjọ ìjọba tó ń ṣàbójútó wọn, ti fi òté náà sí ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún, ó sì wọ́pọ̀ kí káàdì àwọn báǹkì ńlá kọjá ìdá 20, kí òmíràn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan 30. Ẹni tó bá jẹ gbèsè 1,000 dọ́là fún ọdún kan gbáko yóò san nǹkan bíi 180 dọ́là lórí ìdá 18, yóò sì san 280 lórí ìdá 28. Ọgọ́rùn-ún dọ́là tó wà láàárín wọn tó owó oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kan fún ẹni tó mọ owó ṣọ́. Àwọn ẹgbẹ́ tó gba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ ìjọba ìpínlẹ̀ ń tẹ̀lé òfin ìpínlẹ̀ wọn lórí ọ̀rọ̀ èlé, nítorí náà, ẹ wò ó bóyá ọ̀rọ̀ náà Federal wà nínú orúkọ tí ẹgbẹ́ fi gba ìwé àṣẹ.

Ní ti ààbò owó, ẹ má ṣe bẹ̀rù. Àpò ìdójútòfò tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1970 ń dáàbò bo owó ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan títí dé 250,000 dọ́là, gẹ́gẹ́ bí àjọ ìjọba tí ń jẹ́ FDIC ṣe ń ṣe fún àwọn báǹkì. Àmì NCUA gbọ́dọ̀ wà níbi tí wọ́n ti ń gba owó ní ọ́fíìsì wọn àti lórí ojúlé wọn ní íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹgbẹ́ tí ẹ kò bá rí i lára rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ wádìí rẹ̀ dáadáa kí kọ́bọ̀ yín tó wọ ibẹ̀.

Ta ni ẹgbẹ́ lè gbà wọlé

Ẹgbẹ́ kò lè gba gbogbo ayé bí báǹkì ṣe ń ṣe. Ìwé àṣẹ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ń sọ irú àwọn tó lè wọlé: ó lè jẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ kan, àwọn tó ń gbé tàbí tó ń ṣiṣẹ́ ní agbègbè kan, àwọn ọmọ ìjọ kan, tàbí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti òṣìṣẹ́ yunifásítì kan. Ibi iṣẹ́ ni kí ẹ ti kọ́kọ́ béèrè. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì tàbí ìtọ́jú aláìsàn, tí a sì ń ṣiṣẹ́ ọdún púpọ̀ ní ilé ìwòsàn tó ní ẹgbẹ́ tirẹ̀ láì mọ̀ pé ó wà, nítorí pé ọjọ́ àkọ́kọ́ lẹ́nu iṣẹ́ ni wọ́n fi ìwé rẹ̀ lé wa lọ́wọ́ láàárín ogún ìwé mìíràn.

Mọ̀lẹ́bí ọmọ ẹgbẹ́ sábà máa ń lè wọlé pẹ̀lú. Navy Federal, tó tóbi jù lọ nínú gbogbo wọn, wà fún àwọn ológun, àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ààbò, àti ẹbí wọn. Bí ọmọ yín tàbí àbúrò yín bá ti wọ iṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà, bí ọ̀pọ̀ ọmọ wa ti ṣe, ó ṣeé ṣe kí ilẹ̀kùn yẹn ti ṣí fún yín. Kí ẹ kàn rántí pé nígbà tí wọ́n bá sọ pé ẹbí, òbí, ọkọ tàbí aya, ọmọ, ọmọ-ọmọ, òbí àgbà àti ọmọ ìyá tàbí ọmọ bàbá ẹni ni wọ́n ń sọ. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá yín tí ẹ ń pè ní bùrọ̀dá kò sí nínú ìṣirò wọn, àfi bí ẹ bá jọ ń gbé inú ilé kan náà. Ẹni tí kò rí ìbátan kankan dìmú ṣì lè lọ sí irú PenFed, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1935 fún àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ṣùgbọ́n tó ti ṣí sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni báyìí, tàbí kí ó wá ti agbègbè rẹ̀ lórí ojúlé MyCreditUnion.gov, tí NCUA fúnra rẹ̀ ń bójú tó.

Èrò tèmi ni pé kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé má ṣe fi ìtóbi ẹgbẹ́ ṣe ìdíwọ̀n. Ẹgbẹ́ kékeré tó wà ládùúgbò, tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ lè bá yín jókòó, kí ó wo ìwé owó oṣù yín kí ó sì gbọ́ àlàyé yín, lè ṣe yín lóore ju ẹgbẹ́ ńlá tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ ń dáhùn láàárín ìṣẹ́jú kan. Kí ẹ tó yan èyíkéyìí, ẹ pè wọ́n lórí fóònù kí ẹ béèrè bóyá wọ́n ń fi ìròyìn káàdì wọn ránṣẹ́ sí Equifax, Experian àti TransUnion, àwọn ilé iṣẹ́ mẹ́ta tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ gbèsè. Bí ìdáhùn bá jẹ́ rárá, ẹ wá ibòmíràn, nítorí pé káàdì tí kò sí ẹni tó ń jẹ́rìí rẹ̀ kò ní tún orúkọ yín ṣe. Ẹni tí kò ní nọ́ńbà Social Security ṣùgbọ́n tó ní nọ́ńbà owó orí ITIN kí ó béèrè bóyá wọ́n ń gbà á. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ló ń gbà á. Àwọn kan tilẹ̀ wà tí wọ́n gba àmì kan tí ń jẹ́ Juntos Avanzamos. Nítorí àwọn tó ń sọ èdè Sípáníìṣì ni wọ́n ṣe dá a sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tó bá ní àmì náà ti mọ bí a ṣe ń ka ìwé àlejò, kò sì ní já ọmọ Nàìjíríà kulẹ̀.

Ọjọ́ ìforúkọsílẹ̀

Ìwé tí wọn yóò béèrè kò pọ̀: ìwé ìdánimọ̀ tí ìjọba fọwọ́ sí, bíi ìwé ìrìnnà, green card tàbí ìwé àṣẹ ìwakọ̀, nọ́ńbà Social Security tàbí ITIN, ẹ̀rí ibi tí ẹ ń gbé, bíi ìwé owó iná tàbí ìwé àdéhùn ilé, àti ohun tó fi hàn pé ẹ yẹ fún ẹgbẹ́ náà, bíi káàdì ibi iṣẹ́. Òfin ló ní kí wọ́n mọ ẹni tí wọ́n ń bá lò, nítorí náà, kí ẹ má rò pé ọmọ Áfíríkà tí ẹ jẹ́ ni wọ́n fi ń béèrè. Àdírẹ́sì ilé ni wọ́n ń fẹ́. Àpótí ìfìwéránṣẹ́ nìkan kò tó.

Ohun tó ń dá tiwa dúró jù ni orúkọ. Orúkọ Yorùbá gùn, ó sì ní ìtumọ̀ lódindi, ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sínú ìwé ìrìnnà, ọ̀tọ̀ ni bí ó ṣe wà lórí káàdì Social Security, ọ̀tọ̀ sì ni bí ẹni tó gbà yín síṣẹ́ ṣe gé e kúrú. Ẹnìkan lè jẹ́ Oluwaseun Abimbola nínú ìwé ìrìnnà, kí ó jẹ́ Seun lórí ìwé owó oṣù, kí orúkọ àárín sì di orúkọ ìdílé níbòmíràn. Obìnrin tó ti ṣègbéyàwó sì lè ní orúkọ bàbá nínú ìwé kan àti ti ọkọ nínú òmíràn. Kọ̀ǹpútà kò mọ̀ pé ènìyàn kan náà ni. Kí ẹ tó jáde nílé, ẹ tẹ́ gbogbo ìwé náà sórí tábìlì kí ẹ fi wọ́n wé ara wọn, lẹ́tà sí lẹ́tà. Bí ti Social Security bá yàtọ̀, ọ́fíìsì wọn ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ láti tún un ṣe, kì í sì í gba owó. Orúkọ tó wà níbẹ̀ gan-an ni kí ẹ kọ sínú fọ́ọ̀mù ẹgbẹ́, kí ẹ sì máa lò ó bẹ́ẹ̀ níbi gbogbo, nítorí pé orúkọ tó pín sí méjì lè pín àkọsílẹ̀ gbèsè yín sí méjì pẹ̀lú, kí ìdajì òtítọ́ yín sì máa wà níbi tí ẹnikẹ́ni kò lè rí i. Ní ti ọjọ́ ìbí, oṣù ni wọ́n ń kọ ṣáájú ọjọ́ ní Amẹ́ríkà. Ẹni tí wọ́n bí ní ọjọ́ 4 oṣù 9 gbọ́dọ̀ kọ 09/04.

Lẹ́yìn fọ́ọ̀mù ni owó ìpín. Ní ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́, 5 dọ́là ni, ní òmíràn 25. Owó yìí kì í ṣe owó fọ́ọ̀mù tó lọ tí kò ní padà: ìpín yín nínú ẹgbẹ́ ni, yóò sì máa wà nínú àpò ìfowópamọ́ yín títí ọjọ́ tí ẹ bá jáde. Wọ́n lè yẹ̀ yín wò ní ChexSystems, níbi tí wọ́n ń kọ orúkọ àwọn tó jẹ báǹkì lówó lórí àpò tí wọ́n ti pa tì, nítorí náà, bí irú rẹ̀ bá wà lẹ́yìn yín, ẹ lọ san án kí ẹ tó wá. Ẹ kọ orúkọ ẹni tí yóò jogún owó náà síbi tí wọ́n ti béèrè rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń fo ibẹ̀ nítorí pé a kò fẹ́ fi ẹnu ara wa pe ikú, ìdílé ni ó sì ń jìyà rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀la.

Láàárín ìwọlé àti ìbéèrè

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ ti ṣe sùúrù. Ní kété tí àpò yín bá ti ṣí, ẹ gba nọ́ńbà rẹ̀ kí ẹ fún ibi iṣẹ́ yín, kí owó oṣù yín máa wọlé síbẹ̀ tààrà, ó kéré tán apá kan rẹ̀. Ẹ máa san owó fóònù àti iná láti inú rẹ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí àpò náà lọ sí òdì. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà, ẹgbẹ́ yóò ti ní ohun kan tí báǹkì àjèjì kò ní nípa yín: wọ́n ti rí i bí owó ṣe ń wọlé àti bí ó ṣe ń jáde lọ́wọ́ yín.

Ní àkókò yìí kan náà, ẹ wo àkọsílẹ̀ gbèsè yín lórí AnnualCreditReport.com, tí òfin fọwọ́ sí, tí ẹ sì lè wò lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Láti inú àkọsílẹ̀ náà ni wọ́n ti ń ṣírò credit score, iye tí àwọn ayánilówó fi ń díwọ̀n bí a ṣe ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé tó, tó bẹ̀rẹ̀ láti 300 dé 850. Nínú ìṣirò FICO, tí àwọn ayánilówó ń lò jù, ìdá 35 dá lórí bóyá a ń san gbèsè lásìkò, ìdá 30 dá lórí bí gbèsè tó wà lọ́rùn wa ti pọ̀ tó, ìdá 15 dá lórí bí ó ti pẹ́ tó tí a ti ń bá gbèsè lò, ìdá 10 dá lórí gbèsè tuntun tí a ń béèrè, ìdá 10 tó kù sì dá lórí onírúurú gbèsè tí a ní. Àwọn àgbà wa ti sọ gbòǹgbò rẹ̀ tipẹ́: ẹni tó yá ẹgbẹ̀fà tí kò san án, ó bẹ́gi dínà ẹgbẹ̀fà. Ohun tí ó ṣòro fún àlejò ni pé ẹni tí kò yá ohunkóhun rí náà kò ní ọ̀nà kankan nílẹ̀, nítorí pé FICO kì í fún ènìyàn ní iye kankan àfi bí gbèsè kan bá ti wà nínú àkọsílẹ̀ rẹ̀ fún oṣù mẹ́fà, ó kéré tán.

Àwọn kan wà tí wọ́n ń polówó nọ́ńbà kan tí wọ́n ń pè ní CPN, pé kí ẹ fi dípò Social Security láti bẹ̀rẹ̀ orúkọ tuntun. Jìbìtì ni, ẹ̀wọ̀n sì wà nídìí rẹ̀. Ẹ má ṣe sún mọ́ ọn, kódà bí ará ìlú yín ló mú un wá.

Ìwé ìbéèrè káàdì

Oríṣi méjì ni káàdì náà. Èkínní ni èyí tí wọ́n fi ìgbẹ́kẹ̀lé nìkan fún ni. Èkejì, tí mo gba ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé níyànjú láti fi bẹ̀rẹ̀, ni èyí tí a fi owó ara wa dógò fún: ẹ ó fi 300 tàbí 500 dọ́là sínú àpò kan tí ẹgbẹ́ yóò tì pa, iye tí ẹ sì lè rà láwìn yóò jẹ́ iye yẹn. Owó náà ṣì jẹ́ tiyín, ẹgbẹ́ mìíràn tilẹ̀ ń fi èlé lé e lórí. Ẹni tó ń wo káàdì náà ní ṣọ́ọ̀bù kò lè mọ̀ ọ́n yàtọ̀, ọ̀nà kan náà ni wọ́n sì ń gbà ròyìn rẹ̀ fún Equifax àti àwọn méjì yòókù.

Nínú ìwé àdéhùn káàdì èyíkéyìí, tábìlì kan wà tí òfin ní kí wọ́n kọ ní lẹ́tà tó hàn. Ẹ kà á ní ẹsẹ ẹsẹ: èlé ọdún lórí ọjà rírà, èlé lórí owó tí a fi káàdì gbà ní ẹ̀rọ ATM, owó ọdọọdún bí ó bá wà, owó ìtanràn fún ìsanwó tó pẹ́, àti owó tí wọ́n ń gbà nígbà tí a bá lo káàdì ní òkè òkun. Èyí tó kẹ́yìn yìí kàn wá gbọ̀ngbọ̀n, nítorí pé àwọn káàdì kan ń gbà tó ìdá 3 lórí gbogbo ohun tí a bá rà ní Èkó tàbí ní Kútọnu, àwọn mìíràn kì í sì í gba ohunkóhun.

Bí a bá perí ajá, a ó perí ìkòkò tí a ó fi sè é: nǹkan kan wà nínú ìwé àdéhùn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí kì í sábà sí nínú ti báǹkì. Òfin kò gbà kí ẹni tó fún ni ní káàdì kàn na ọwọ́ sínú àpò ìfowópamọ́ wa láti fi san gbèsè káàdì, àyàfi bí a bá ti fi ọwọ́ ara wa yọ̀ǹda rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ló ń béèrè ìyọ̀ǹda náà. Ó máa ń wà ní ìpínrọ̀ kan tó sọ pé gbogbo owó tí ẹ ní lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ jẹ́ ohun ìdógò fún káàdì yìí, ibẹ̀ sì sábà máa ń ní ìlà tirẹ̀ tí ẹ ó buwọ́ lù lọ́tọ̀. Èyí yàtọ̀ sí 500 dọ́là tí ẹ mọ̀ọ́mọ̀ fi dógò: gbogbo àpò yín ni wọ́n ń sọ, títí kan owó ilé ìwé tí ẹ ń tọ́jú fún àwọn ọmọ. Èmi kò sọ pé kí ẹ má buwọ́ lù ú, nítorí pé ó wà lára ìdí tí èlé wọn fi kéré. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí ẹ béèrè ìtumọ̀ rẹ̀ lẹ́nu òṣìṣẹ́ náà, kí ẹ béèrè bóyá káàdì wà tí kò ní ìpínrọ̀ yẹn, kí ẹ sì tọ́jú owó tí ẹ kò fẹ́ kí ó kàn án sí ibòmíràn.

Nígbà tí ẹ bá ń kọ fọ́ọ̀mù, iye owó tó ń wọlé lọ́dún ni wọ́n ń béèrè, kí wọ́n tó yọ owó orí. Ẹni tó ti pé ọmọ ọdún 21 lè ka owó ọkọ tàbí aya rẹ̀ mọ́ ọn, bí ó bá jẹ́ pé lóòótọ́ ni ọwọ́ rẹ̀ ń tó owó náà. Ẹni tí kò tíì pé 21 gbọ́dọ̀ ní owó tirẹ̀ tàbí kí ó mú onídùúró wá. Ẹ má bù mọ́ ọn, nítorí pé irọ́ nínú ìwé gbèsè jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin ìjọba àpapọ̀. Ibì kan ṣoṣo ni kí ẹ ti béèrè lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì dúró de ìdáhùn. Gbogbo ìbéèrè tí mo sáré fi sílẹ̀ ní ọjọ́ náà lọ́hùn-ún wà nínú àkọsílẹ̀ mi fún ọdún méjì, bí ìgbà tí ènìyàn ń kan ilẹ̀kùn gbogbo ilé ní àdúgbò láti yá owó ní òwúrọ̀ kan.

Bí wọ́n bá kọ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ sọ fún yín láàárín ọjọ́ 30 tí ìwé yín pé. Ẹ ní ẹ̀tọ́ láti mọ ìdí rẹ̀ gan-an, ẹ sì ní ẹ̀tọ́ láti gba ẹ̀dà àkọsílẹ̀ tí wọ́n wò lọ́fẹ̀ẹ́ bí ẹ bá béèrè láàárín ọjọ́ 60. Láti ọdún 1974 ni òfin ti wà pé wọn kò gbọ́dọ̀ fi jíjẹ́ obìnrin du ẹnikẹ́ni ní àwìn, ní 1976 ni wọ́n sì fi ìran, ẹ̀sìn àti ìlú tí a ti wá kún un. Ẹ mú lẹ́tà náà lọ sí ọ́fíìsì ẹgbẹ́, kí ẹ ní kí òṣìṣẹ́ tó ń rí sí owó yíyá tún un wò. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, àdírẹ́sì tó yàtọ̀ tàbí orúkọ tí a gé ni ó fà á.

Lẹ́yìn tí káàdì bá dé

Ẹ pe nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀ kí ó tó lè ṣiṣẹ́, kí ẹ sì ní kí ẹgbẹ́ máa yọ gbogbo gbèsè oṣù náà fúnra rẹ̀ láti inú àpò yín ní ọjọ́ ìsanwó. Ọjọ́ tí ìwé ìṣirò oṣù jáde àti ọjọ́ tí owó gbọ́dọ̀ dé kì í ṣe ọ̀kan náà. Òfin ọdún 2009 ní kí ó kéré tán ọjọ́ 21 wà láàárín wọn. Lórí ọ̀pọ̀ káàdì, ẹni tó bá san gbogbo rẹ̀ láàárín àkókò yẹn kì í san èlé kankan lórí ohun tó rà. Ẹni tó bá san kìkì iye tó kéré jù tí wọ́n kọ síbẹ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ ìtanràn lóòótọ́, ṣùgbọ́n èlé ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́. Ìsanwó tó bá fi ọjọ́ 30 pẹ́ yóò wọ inú àkọsílẹ̀, yóò sì wà níbẹ̀ fún ọdún 7.

Bí òté káàdì yín bá jẹ́ 500 dọ́là, ẹ gbìyànjú kí gbèsè tó wà lórí rẹ̀ ní ọjọ́ tí ìwé ìṣirò ń jáde má kọjá 150. Epo ọkọ̀ àti owó fóònù ti tó láti fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ má ṣe fi í gba owó ní ATM láé, ní pàtàkì nígbà tí ẹ bá lọ sílé fún àríyá tàbí ìsìnkú tí ìnáwó sì dé: láti ọjọ́ yẹn gan-an ni èlé ti ń bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú owó iṣẹ́ lórí rẹ̀. Kí ẹ tó wọ ọkọ̀ òfuurufú, ẹ sọ fún ẹgbẹ́ ibi tí ẹ ń lọ àti ọjọ́ tí ẹ ó padà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọ́n lè ti káàdì náà pa bí wọ́n bá rí i tó ń ṣiṣẹ́ ní Ìkẹjà. Bí ẹ bá rí ọjà tí ẹ kò rà nínú ìwé ìṣirò, ẹ kọ̀wé sí wọn kí ọjọ́ 60 tó kọjá. Òfin kò gbà kí ohun tí ẹ ó san kọjá 50 dọ́là bí ẹlòmíràn bá lo káàdì yín láìgbàṣẹ.

Nígbà tó bá fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọdún kan, ẹ padà lọ bá òṣìṣẹ́ náà kí ẹ béèrè bóyá wọ́n lè tú owó ìdógò yín sílẹ̀. Bí ẹ bá ti san gbogbo oṣù náà lásìkò, ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ yóò dá 500 dọ́là náà padà sínú àpò yín, wọn yóò sì sọ káàdì náà di èyí tí kò ní ìdógò. Ẹ ní kí wọ́n fi nọ́ńbà àpò àtijọ́ náà sílẹ̀ bí ó bá ṣeé ṣe, kí ọjọ́ orí rẹ̀ lè máa bá yín lọ nínú àkọsílẹ̀.